Ìkòkò, Kẹ̀kẹ́ àti Ìléru: Bí Ọgbọ́n Tuntun Ṣe Wọ Iṣẹ́ Amọ̀kòkò ní Òkè Ọya

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ọ̀rọ̀ sùúrù ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ìkòkò tí amọ̀kòkò kò bá mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, iná ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ohun èlò tuntun tí a bá mú wọ inú iléeṣẹ́ kékeré. Ohun èlò náà lè dára, ó sì lè gbówó lórí, ṣùgbọ́n bí ọgbọ́n rẹ̀ kò bá wọ àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò lò ó lára, àfọ́kù ni yóò kù nílẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn.

Ìtàn iṣẹ́ ìkòkò tuntun ní Òkè Ọya, láti Abuja àtijọ́ dé ẹ̀bá Kàdúná, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ mọ̀. Kì í ṣe ìtàn àṣeyọrí lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn àṣetì. Méjèèjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkòkò kí kẹ̀kẹ́ tó dé

Kí Òyìnbó tó dé ni ìkòkò mímọ ti jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ àwọn obìnrin ni, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí àwọn amọ̀kòkò ayé àtijọ́ ń bọ kí iṣẹ́ wọn má bàa bàjẹ́. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́ kankan. Ìyá amọ̀kòkò yóò gún amọ̀, yóò ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ kúrò, yóò sì pò ó títí yóò fi dẹ̀ dáadáa. Ó lè da ojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, kí ó na amọ̀ lé ìdí rẹ̀ lórí, kí ó lè rí ìdí ìkòkò tuntun mú jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa yí amọ̀ bí okùn, tí yóò máa tò ó lé ara wọn títí ìkòkò yóò fi ga. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ìkòkò po. Ìkòkò kì í yí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Bí ó bá dán an tán, ó lè yí ṣùkù àgbàdo lórí rẹ̀ láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Wọn a to igi àti koríko gbígbẹ lé ìkòkò lórí, wọn a sì tiná bọ̀ ọ́. Ní Ìlọrin, tí òkìkí ìkòkò rẹ̀ kàn káàkiri, àwọn amọ̀kòkò a máa fi omi tí a ti rẹ èèpo èso igi irú sí wọ́n ìkòkò náà ní kété tí ó bá ti inú iná jáde, kí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣú kí ó sì dán.

Àwọn Gwari tí ń gbé ní agbègbè Abuja àtijọ́ náà ní irú ọgbọ́n yìí. Àwọn obìnrin wọn ni ó ń mọ ìṣà omi ńláńlá, tí wọ́n sì ń fín àwòrán alángbá, àkekèé, ọ̀nì àti ejò sí ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Òyìnbó ni ó kọ́ àwọn ará Òkè Ọya ní ìkòkò mímọ kò sọ òtítọ́. Ohun tí Òyìnbó mú wá ni nǹkan mẹ́ta: kẹ̀kẹ́ tí ń yí amọ̀, ìléru tí ń mú iná gbóná rékọjá ti ìta gbangba, àti ohun dídán bí i dígí tí a fi ń bo ara ìkòkò.

Ẹ̀kọ́ tí ó ti Alajo wá

Orúkọ ẹni tí ó mú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí wá ni Michael Cardew. Ọdún 1901 ni a bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ iṣẹ́ ìkòkò lọ́dọ̀ Bernard Leach ní ìlú St Ives ní 1923, ó sì dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ó wá sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota ní Gold Coast, tí a mọ̀ sí Ghana láti 1957.

Ogun ti mú kí ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrù wá láti Yúróòpù dín kù. Ìjọba wá gbèrò pé kí a máa ṣe àwo, ife, bíríkì àti páànù amọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fúnra rẹ̀. Wọ́n dá iléeṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Alajo, lẹ́bàá Accra, wọ́n sì kó òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n retí pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè mú jáde lọ. Àyè kò sí láti dán amọ̀ wò bí ó ti yẹ. Ìléru ń dà wọ́n láàmú. Ìkòkò ń bàjẹ́ nínú iná, gbèsè sì ń ga sí i. Ní 1945, ogun parí, wọ́n sì ti iléeṣẹ́ náà pa. Cardew ṣí lọ sí Vume ní etí odò Volta, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ títí di 1948, kí àìlera tó dá a padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ Alajo yọ̀lẹ. Kì í sì ṣe pé kẹ̀kẹ́ àti ìléru kò dára. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbé ẹrù ńlá lé orí ọgbọ́n tí kò tíì gbó. Wọ́n ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń mú kẹ̀kẹ́ dúró ṣinṣin. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ṣùgbọ́n Alajo fẹ́ fi agídí gba ẹnu ọ̀nà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibùdó Ìkọ́ṣẹ́ ní Abuja

Ní 1951, ìjọba Nàìjíríà yan Cardew ní Ọ̀gá Iṣẹ́ Ìkòkò lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ìṣòwò àti iṣẹ́ ọwọ́. Abuja ni ó yàn láti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí. Kì í ṣe Abuja tí ó di olú-ìlú Nàìjíríà ni à ń wí o. Ìlú àtijọ́ náà, tí Ẹ́míà Suleimanu Barau ń ṣàkóso nígbà náà, ni ó gba orúkọ Suleja lẹ́yìn tí ìjọba mú orúkọ Abuja fún olú-ìlú tuntun tí òfin rẹ̀ jáde ní 1976. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, Kàdúná ni ibùjókòó ìjọba Òkè Ọya. Láti 1917 tí Lugard ti kó ìjọba kúrò ní Zungeru lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó kan Ìlọrin, Sókótó, Kánò àti Abuja ti ń jáde.

Lọ́tẹ̀ yìí, Cardew kò sáré. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó wá ohun tí ilẹ̀ náà ní. Amọ̀ tí yóò lè fara da iná ńlá ni ó ń wá, àti òkúta tí yóò yọ́ di ohun dídán. Bí a bá lọ òkúta tí a ń pè ní feldspar kúnná, tí a pò ó mọ́ eérú igi àti òkúta ẹfun, tí a ri ìkòkò sínú rẹ̀, tí a sì sun ún nínú iná tí ó gbóná tó 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìpò náà yóò yọ́, yóò sì bo ìkòkò bí i dígí. Iná ìta gbangba kì í sábà gbóná kọjá 900. Ìdí nìyí tí a fi nílò ìléru, èyí tí a fi bíríkì kọ́, tí ọwọ́ iná kò fi lè jáde àfi ibi tí a bá là fún un. Igi ni wọ́n ń dá sínú ìléru Abuja, nítorí igi ni ilẹ̀ náà ní. Kẹ̀kẹ́ wọn kò lo iná mànàmáná, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í yí.

Iṣẹ́ tí ó tún pọ̀ jù ni ti ènìyàn. Ẹni tí ó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun kan kí ó tó kọ́ òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ amọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́. Nísinsìnyí amọ̀ ń sáré lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè mú un wá sí àárín gbùngbùn kẹ̀kẹ́, gbogbo ohun tí ó bá ṣe lẹ́yìn èyí ni yóò wọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n ń gbà. Hausa, Gwari àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wà níbẹ̀, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Clement Kofi Athey, ọmọ Gold Coast tí ó ti bá Cardew ṣiṣẹ́ rí, wà lára àwọn tí ó kọ́ wọn. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí ẹni tí ó jọ ọ́ tí ó ti mọ ohun èlò náà lò yóò gbàgbọ́ pé òun náà lè mọ̀ ọ́n.

Wọn kò sì kọ́ wọn ní ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n mọ bí a ti ń wa amọ̀, bí a ti ń sẹ́ ẹ, bí a ti ń lo kẹ̀kẹ́, bí a ti ń po ìbora dídán, bí a ti ń to ìkòkò sínú ìléru, àti bí a ti ń wo àwọ̀ iná láti mọ ìgbà tí ó tó. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó wá so èso nígbà tí Cardew kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ladi Kwali

Orúkọ tí ó borí gbogbo orúkọ nínú ìtàn yìí ni ti obìnrin kan tí a bí ní nǹkan bí 1925 ní abúlé Kwali. Lọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ. Àwọn ìṣà rẹ̀ lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ́míà Abuja fi kó wọn sí ààfin, ibẹ̀ sì ni Cardew ti rí wọn. Ní 1954, Ladi Kwali wọ Ibùdó Ìkọ́ṣẹ́ náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn, bí Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa, tẹ̀ lé e.

Ladi kọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti gba òkìkí. Ìṣà tí ó ń fi ọwọ́ mọ bí ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyá-ìyá rẹ̀ ti ń mọ ọ́n, òun náà ni ó ń mọ lọ. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ó ń fín alángbá àti àkekèé sí i lára, ó sì ń fi amọ̀ funfun dí ojú ọnà náà. Lẹ́yìn náà ni wọn a rì í sínú ìbora dídán, tí ìléru yóò sì sọ ọ́ di líle bí òkúta. Ọgbọ́n ilé àti ọgbọ́n àjèjì pàdé lára ìkòkò kan ṣoṣo, èkíní kò sì pa èkejì run.

Wọ́n pàtẹ àwọn ìkòkò Abuja ní Berkeley Galleries ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, 1959 àti 1962. Ladi rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1972 pẹ̀lú Cardew àti Athey. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì yunifásítì rí. Ó kú ní 1984. Láti 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lẹ́yìn owó ogún náírà, níbi tí ó ti ń mọ ìkòkò lọ́wọ́.

Bí a bá fi ojú olùkọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan dìde. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọkùnrin kí obìnrin kankan tó wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ilẹ̀ Gwari, àwọn obìnrin gan-an ni ó ní iṣẹ́ náà. Ohun èlò tuntun sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dé pẹ̀lú owó ìjọba àti orúkọ ńlá, a ó pe ọkùnrin sí i, a ó sì fi ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Abuja ṣe oríire ni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún Ladi. Bí kò bá ṣí i, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ ibẹ̀?

Ohun tí ìléru gbà lọ́wọ́ ìkòkò

Kò sí ohun tí ó ní èrè tí kò ní àdánù. Ìkòkò ìṣẹ̀ǹbáyé kò dí pátápátá. Omi díẹ̀ ń rọra jò gba ara rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí omi inú àmù fi ń tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkòkò tí ìléru ti sọ di òkúta, tí dígí sì bò, kò ní jẹ́ kí omi jò. Yóò tọ́jú òróró àti ọtí dáadáa, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kò ní tutù. Bákan náà, ìkòkò ìṣẹ̀ǹbáyé lè jókòó lórí ààrò mẹ́ta kí iná máa lá ìdí rẹ̀. Èyí tí ìléru sun yóò sán bí a bá gbé e ka iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìyàwó ilé ní Abuja kò lè fi ìkòkò tuntun se ọbẹ̀, kò sì lè fi mú omi tutù.

Ta ni ó wá ń rà á? Àwọn Òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn àlejò, àti ìwọ̀nba ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ràn ìkòkò tíì àti ife. Owó rẹ̀ ga ju ti ọjà lọ. Ní àkókò kan náà, abọ́ tánganran àti ike ń ya wọ ọjà, wọ́n fúyẹ́, wọn kì í sì í fọ́. Owó ìjọba ni ó ń gbé Ibùdó náà ró. Cardew padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, Michael O'Brien gba ipò rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ìjọba bá ti fà sẹ́yìn, iná ìléru a máa rẹlẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ Ladi Kwali sọ Ibùdó náà, ògo rẹ̀ kò tó ti àtijọ́ mọ́.

Ọ̀nà méjì ní Kàdúná

Ọ̀nà méjì ni ọgbọ́n tuntun gbà wọ Òkè Ọya ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìlú Kàdúná sì rí méjèèjì. Ọ̀nà kìíní ni ti iléeṣẹ́ ńlá. Ní 1957, iléeṣẹ́ ìhunṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ David Whitehead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí tí Kàdúná fi di ìlú ìhunṣọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ríṣẹ́ níbẹ̀, láti Kátínà títí dé ilẹ̀ Yorùbá àti Íbò. Ilé dìde, ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀rọ kan ni òṣìṣẹ́ kan máa ń dúró sí. Ẹni tí ń so òwú tí ó já kò mọ bí a ti ń pa aṣọ láró. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn, tí United Nigerian Textiles pàápàá sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2007, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jáde sí ìgboro pẹ̀lú ìmọ̀ tí kò wúlò níbi tí ẹ̀rọ ńlá kò bá sí.

Ọ̀nà kejì kéré, kò sì pariwo. Danlami Aliyu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ní Ibùdó Abuja. Ó tún lọ bá Cardew ṣiṣẹ́ ní Wenford Bridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà dé, kò dúró de owó ìjọba. Ní àwọn ọdún 1980, òun àti O'Brien dá ibi iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Maraba, lẹ́bàá Kàdúná. Wọ́n kọ́ ìléru, wọ́n wá amọ̀, wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ láti kọ́ wọn. Ó lè ṣe é nítorí pé odindi iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ, kì í ṣe abala rẹ̀. Bí a bá gbé e lọ sí ibikíbi tí amọ̀, igi àti òkúta bá wà, ó lè bẹ̀rẹ̀.

A kò fi èyí sọ pé iléeṣẹ́ ńlá kò wúlò. Ibi iṣẹ́ ìkòkò kan kò lè gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn síṣẹ́, aṣọ sì wúlò fún gbogbo ayé. Ohun tí ìtàn náà ń fi hàn ni pé ohun tí ó wà ní orí òṣìṣẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè tì pa.

Ìkádìí

Lónìí, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ oríṣiríṣi ń wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ilé ìtẹ̀wé, ilé oògùn àti ilé ìyàwòrán ní Kàdúná bí wọ́n ti ń wọ ti Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ọ̀gá yóò ra ẹ̀rọ ní àárọ̀, yóò sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò kí ilẹ̀ tó ṣú. Alajo nìyẹn. Ọ̀gá mìíràn yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, yóò fi ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n láàárín wọn ṣe olùkọ́, kò sì ní ti ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà láti àárọ̀ ọjọ́ sẹ́yìn nítorí pé obìnrin ni tàbí nítorí pé kò kàwé.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kì í ṣe ìkòkò òfìfo. Ó ti ní amọ̀ tirẹ̀, a sì ti kọ́ ọ ní ohun kan nílé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí Ladi Kwali ti gba ìbora dídán láìsọ alángbá àti àkekèé ilé wọn nù, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọgbọ́n tuntun bá ti àtijọ́ nílé, kí àwọn méjèèjì jọ wọ iná. Ìkòkò tí a bá sun bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì jẹ ata.